Yíyàn àti títò ríléè aláàbò ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì

Ríléè aláàbò ni ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìlà iná mànàmáná tàbí tiransífọ́mà, tí ó sì ń pàṣẹ fún bírékà pé kó já iná nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, èyí tí à ń pè ní fọ́ọ̀tì. Yíyàn rẹ̀ ni kí ẹnjiníà pinnu irú ríléè tó bá ohun tí yóò máa ṣọ́ mu. Títò rẹ̀ ni kí ó fún un ní òdiwọ̀n: iye iná tí ríléè yóò gbà láyè kó tó dìde, àti ìgbà tí yóò dúró kó tó já bírékà. Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkìtì, iná ń gba orí òkè àti àárín oko kòkó kọjá kó tó dé Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Iṣẹ́ yìí le níbẹ̀ ju ti ìgboro lọ, nítorí pé lórí ìlà gígùn, iná tí fọ́ọ̀tì ìdí ìlà ń fà lè má fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí àwọn oníbàárà ń lò lójoojúmọ́ lọ. Ríléè tí wọ́n bá fi òdiwọ̀n ìlà mìíràn tò lè máa já iná láìnídìí, tàbí kó má já a nígbà tó yẹ.

Agbègbè náà àti ètò iná rẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni àyọkà yìí dá lé: Ìjerò, Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Arámọkọ jẹ́ olú ìlú rẹ̀, àti Ẹ̀fọ̀n. Lára ìlú inú wọn ni Ìpotì, Odò-Ọwà, Òkèmẹ̀sí, Ìkọ́gòsì, Erìjiyàn àti Ìpólé-Ìlórò. Òkè gbọọrọ tí Ẹ̀fọ̀n jókòó lé jẹ́ òkúta quartzite, irú òkúta tí ń jẹ́ kí ilẹ̀ kọ iná. Ọ̀rọ̀ òkúta yìí yóò tún jẹ yọ nísàlẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ TCN ló ń gbé iná ní 330 kV àti 132 kV. Àwọn ilé-iṣẹ́ apínná ń gbà á ní 33 kV àti 11 kV, wọ́n sì ń mú un wọ ilé ní 415 V láàárín fésì kan sí èkejì. Òṣogbo ni yàrá ìdarí gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Ní Adó-Èkìtì, ibùdó TCN kan wà tí ń sọ 132 kV di 33 kV. BEDC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Benin, ló gba iṣẹ́ pínpín iná ní Ẹdó, Delta, Òǹdó àti Èkìtì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, 2013, nígbà tí ìjọba fa àwọn ilé-iṣẹ́ apínná PHCN, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba àpapọ̀, lé àwọn olùdókòwò lọ́wọ́.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ríléè

Ohun mẹ́rin ni ẹnjiníà ń wò. Kí ríléè yára. Kí ó lè mọ fọ́ọ̀tì tí kò fa iná púpọ̀. Kí ó má já ju ibi tó bàjẹ́ lọ. Kí ó má sì kọ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀. A kì í lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbà lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ríléè tó bá yára jù sábà máa ń já ibi tí kò yẹ, èyí tó sì ń fura jù kì í jẹ́ kí iná dúró.

Èyí tó ń gba làákàyè jù ni pé kó má já ju ibi tó bàjẹ́ lọ. Ìjà inú ilé máa ń kọ́kọ́ dé iwájú baálé ilé. Bí kò bá rí i parí ni olóyè àdúgbò yóò gbọ́, kó tó wá di ọ̀rọ̀ ààfin. Bákan náà ni ríléè tó sún mọ́ fọ́ọ̀tì jù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró dìgbà tó bá hàn pé ti iwájú ti kọ iṣẹ́. Àlàfo àkókò tí wọ́n ń fi sáàárín àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.3 sí 0.4. Inú àlàfo yìí ni bírékà ti ń ṣí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fàyè sílẹ̀ fún àìpéye ríléè àti ti ẹ̀rọ CT tí ń wọn iná fún un, àti fún àwo ríléè àtijọ́ tí ń yí síwájú díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí iná ti já.

Ríléè kì í já iná fúnra rẹ̀. CT ló ń dín iná ìlà kù fún un, bírékà ló ń já a, bátìrì ibùdó, tí ó sábà máa ń jẹ́ 110 V ní ibùdó ńlá, ló sì ń fún bírékà lágbára láti ṣí. Bí bátìrì bá ti kú, ríléè yóò rí fọ́ọ̀tì, àsíá tí ń fi hàn pé ó ti ṣiṣẹ́ yóò já, bírékà kò sì ní mira. CT náà gbọ́dọ̀ lè ru iná fọ́ọ̀tì. Èyí tí wọ́n kọ 5P20 sí lára kò gbọdọ̀ fi ju 5% ṣìnà títí iná yóò fi di ìlọ́po 20 iye tí wọ́n ṣe é fún.

Oríṣi ríléè àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ

Lórí ìlà 33 kV àti 11 kV, ríléè tí ń ṣọ́ àpọ̀jù iná ló wọ́pọ̀ jù. Nọ́ńbà 51 ni àwọn ẹnjiníà fi ń pe èyí tí ń dúró kó tó já, 50 ni wọ́n sì ń pe èyí tí ń já lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni 51 ń yára tó. Lábẹ́ ìlànà IEC 60255, àkókò ríléè tó wọ́pọ̀ jù ni t = TMS × 0.14 ÷ (M^0.02 − 1). M ni iye ìgbà tí iná fọ́ọ̀tì fi ju òdiwọ̀n ríléè lọ. TMS ni nọ́ńbà tí ẹnjiníà ń yí láti mú gbogbo àkókò náà gùn tàbí kúrú. Oríṣi méjì mìíràn wà tí àkókò wọn tún ń kúrú kíákíá jù bẹ́ẹ̀ bí iná ti ń pọ̀: 13.5 ÷ (M − 1) àti 80 ÷ (M² − 1), tí a ó fi TMS sọ di púpọ̀. Ti àkọ́kọ́ wúlò níbi tí iná fọ́ọ̀tì ti ń dín kù gan-an bí ìlà ti ń jìn. Èkejì ni wọ́n ń yàn níbi tí fíúsì wà níwájú, torí pé bí fíúsì ti ń yọ́ ló ṣe rí.

Ní ọ̀pọ̀ ibùdó tí wọ́n kọ́ lásìkò NEPA, tó ṣáájú PHCN, ríléè CDG ti ilé-iṣẹ́ GEC ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé kọ́ ara pánẹ́ẹ̀lì. Àpótí dúdú ni, ojú rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Nínú rẹ̀ ni àwo irin fífẹ́lẹ́ kan wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì. Iná àpọ̀jù ló ń mú àwo náà yí díẹ̀díẹ̀ títí apá rẹ̀ yóò fi kan ojú ibi tí ń parí ọ̀nà iná bírékà. Àsíá kékeré yóò sì já kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ fésì tó fà á. Lórí rẹ̀, píìnì kan wà tí wọ́n ń kì bọ ihò méje, láti 50% sí 200%, ìgbésẹ̀ 25% ni láti ihò kan sí èkejì. Lókè rẹ̀ ni ìyípo TMS wà, láti 0.1 sí 1.0. Ríléè ìgbàlódé ń fi kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣírò ohun kan náà, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Edmund O. Schweitzer III, tó dá ilé-iṣẹ́ SEL sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1982, ta irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1984.

Lórí ìlà 132 kV, ríléè jíjìnnà, nọ́ńbà 21, ni wọ́n ń lò. Ó ń fi iná pín fọ́ltéèjì láti mọ bí fọ́ọ̀tì ṣe jìnnà tó. Ìpele kìíní rẹ̀ ń ṣọ́ nǹkan bí 80% ìlà, ó sì ń já lójú ẹsẹ̀. Ìpele kejì ń kọjá òpin ìlà, ó ń dúró díẹ̀. Ìpele kẹta jẹ́ ti àtìlẹ́yìn.

Tiransífọ́mà ńlá ń lo nọ́ńbà 87, tí ń fi iná tó wọlé wé iná tó jáde, pẹ̀lú ríléè Buchholz, tí Max Buchholz ará Jámánì ṣe ní 1921. Buchholz kì í wọn iná rárá: gáàsì tó ń jáde nínú òróró tiransífọ́mà ló ń mú un ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá já, wọn kì í dá iná padà láìyẹ tiransífọ́mà náà wò.

Títò òdiwọ̀n: àpẹẹrẹ ìlà 33 kV kan

Àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe ti fídà (ìlà apínná) kan pàtó. Gígùn rẹ̀ ló bá irú ìlà tó ń bẹ ní agbègbè òkè yìí mu. Ká ní ìlà náà gùn tó kìlómítà 40, kí bírékà kejì wà lágbedeméjì. Ìdènà iná láti ẹ̀yìn wá dé ibùdó jẹ́ óòmù 4, ti ìlà jẹ́ óòmù 0.4 ní kìlómítà kan. Bí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbá ara wọn lẹ́nu ibùdó, iná tó ń ṣàn yóò tó áńpù 4,760. Ní kìlómítà 20, yóò dín kù sí 1,590. Ní ìdí ìlà, 950 péré ni. Bí ó bá jẹ́ wáyà méjì ló gbá ara wọn níbẹ̀, yóò tó 825.

Iye tí ìlà ń gbé lójoojúmọ́ ni ẹnjiníà ń kọ́kọ́ béèrè. Ká ní áńpù 200 ni. CT ẹnu ibùdó jẹ́ 400/5. Píìnì tí a kì sí 75% yóò mú kí ríléè dìde ní áńpù 300, tí ó ju ẹrù ojoojúmọ́ lọ, tí fọ́ọ̀tì 825 sì ju ìlọ́po méjì àbọ̀ rẹ̀ lọ. CT ti bírékà kejì jẹ́ 200/5. Píìnì 75% níbẹ̀ jẹ́ áńpù 150.

Àkókò ló kàn, ìdí ìlà ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fún ríléè kejì, TMS 0.1 ń mú kó já fọ́ọ̀tì 1,590 ní ìṣẹ́jú àáyá 0.29. Ríléè ẹnu ibùdó gbọ́dọ̀ fún un ní àlàfo 0.4, nítorí náà kò gbọdọ̀ já ṣáájú 0.69. TMS 0.17 yóò gbé e dé 0.70. Pẹ̀lú òdiwọ̀n yìí, fọ́ọ̀tì ẹnu ibùdó yóò já ní 0.42. Fún fọ́ọ̀tì 950 ní ìdí ìlà, ríléè kejì yóò já ní 0.37, bí ó bá kọ̀, ti ẹnu ibùdó yóò bá a já a ní nǹkan bí 1.0.

Ibi tí wàhálà wà ni kí ẹnìkan gbé òdiwọ̀n ìlà ìgboro kan tó kúrú, tó sì wúwo, ká ní píìnì 150%, wá síbí láìṣírò. Ríléè ẹnu ibùdó yóò dìde ní áńpù 600. Fọ́ọ̀tì 825 ní ìdí ìlà kò wá tó ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀ mọ́. Pẹ̀lú TMS kan náà, tí bírékà kejì bá kọ iṣẹ́, fọ́ọ̀tì tí ì bá já ní 1.2 yóò máa jó fún ìṣẹ́jú àáyá 3.7. Wáyà lè yọ́ kó sì já kí bírékà tó ṣí.

Òdì kejì rẹ̀ ni ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀ dáadáa: iná dé, àwọn ọmọdé pariwo “Ọ́p NEPA!”, kò pé, ó tún lọ. Lẹ́yìn tí iná bá ti lọ fún wákàtí púpọ̀, fìríìjì, pọ́ọ̀ǹpù àti fáànù tí wọn kò pa ní sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń bẹ̀rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì lè sọ ẹrù ìlà di ìlọ́po méjì. Nínú àpẹẹrẹ wa, áńpù 400 tí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ yóò mú ríléè já láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fọ́ọ̀tì kankan. Kí wọ́n gbé píìnì sókè ni ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, àmọ́ a ti rí ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ìdí ìlà. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n dá iná padà ní abala abala, tàbí kí ríléè ìgbàlódé máa lo òdiwọ̀n kejì tó ga díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí iná bá dé, kó tó padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Fọ́ọ̀tì ilẹ̀ lórí òkúta

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹnjiníà kò tíì fẹnu kò lé lórí ni bí ó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ òdiwọ̀n fọ́ọ̀tì ilẹ̀, ìyẹn èyí tí iná ti ń sá wọlẹ̀, sílẹ̀ tó. Charles Fortescue ló fi ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ lélẹ̀ ní 1918, nígbà tó fi hàn pé a lè tú iná fésì mẹ́ta tí kò dọ́gba sí apá mẹ́ta tó rọrùn láti ṣírò. Apá kan nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí ìlà tó dọ́gba, àfi nígbà tí iná bá ń sá wọlẹ̀. Apá yìí ni ríléè 51N ń ṣọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè tò ó sí iye tó kéré ju ẹrù ìlà lọ, ní 10% tàbí 20% CT.

Bí wáyà tó já bá balẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ríléè yóò tètè mọ̀. Lórí òkúta gbígbẹ, ó lè má fa iná kankan tó ṣe é wọ̀n. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lórí ìlà 12.5 kV ní Amẹ́ríkà, tí ìwé ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń tọ́ka sí, fi hàn pé wáyà tó bọ́ sórí kóótà gbígbẹ tàbí yanrìn gbígbẹ kò fa nǹkan kan. Lórí yanrìn tútù, áńpù 15. Lórí koríko gbígbẹ, 25. Lórí koríko tútù, 50. Lórí kọnkéré tó ní irin nínú, 75. Lórí ìlà 11 kV tí CT rẹ̀ jẹ́ 400/5, òdiwọ̀n 20% jẹ́ áńpù 80. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí yóò jí i. Lórí 33 kV, fọ́ltéèjì ga jù, iná lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibùdó Nàìjíríà, tiransífọ́mà pàtàkì kan ni wọ́n fi so 33 kV mọ́ ilẹ̀, ìyẹn náà sì ń dín iná fọ́ọ̀tì ilẹ̀ kù.

Àwọn kan sọ pé kí wọ́n lo ríléè SEF, èyí tó lè mọ iná tí kò ju áńpù díẹ̀ lọ, tó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó já, torí pé wáyà tó ṣì ní iná lórí ilẹ̀ lè pa ènìyàn. Àwọn mìíràn sọ pé ní ibi tí ewé kòkó àti tíìkì ti ń kan wáyà nígbà òjò, tí ẹrù fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì dọ́gba, ríléè bẹ́ẹ̀ yóò máa já ìlà lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì pa á tì níkẹyìn. Ọ̀nà méjèèjì ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ohun tí ó dà bí ẹni pé wọ́n jọ gbà ni pé kò sí òdiwọ̀n tí yóò mú gbogbo wáyà tó já. Nítorí náà, gígé igbó lábẹ́ ìlà àti ìkìlọ̀ fún ará ìlú pé kí wọ́n má fọwọ́ kan wáyà tó wà nílẹ̀, bó ti wù kó dà bí òkú tó, wà lára iṣẹ́ ààbò. Lórí òkúta Ẹ̀fọ̀n, bí wọ́n ṣe rí irin ilẹ̀ tiransífọ́mà rì mọ́lẹ̀ tó náà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n wọn ìdènà rẹ̀ lójú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ jù, sàn ju kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn òjò lọ.

Àwọn fọ́ọ̀tì mìíràn kì í pẹ́. Àrá, ẹ̀ka igi tí afẹ́fẹ́ gbé lu wáyà, ẹyẹ ńlá: bí iná bá já tí ó sì padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó lè dúró. Nọ́ńbà 79, tí ń dá bírékà padà fúnra rẹ̀, wà fún irú èyí.

Ìtàn àti pàtàkì rẹ̀

Ohun tí ìtàn fi kọ́ àwọn ẹnjiníà jù ni pé òdiwọ̀n ń gbó. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, 1965, ríléè àtìlẹ́yìn kan ní ibùdó Sir Adam Beck No. 2 ní Ontario já ọ̀kan nínú ìlà 230 kV márùn-ún. Kò sí fọ́ọ̀tì lórí rẹ̀. Ní 1963 ni wọ́n ti tò ó sí nǹkan bí 375 MW, ẹrù ìlà sì ti pọ̀ dé ibẹ̀ láìsí ẹni tó yí i. Ìlà mẹ́rin tó kù gba ẹrù rẹ̀, àwọn náà sì já tẹ̀lé ara wọn. Nǹkan bí mílíọ̀nù 30 ènìyàn ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ló wà nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, 2003, ìpele kẹta ríléè jíjìnnà já ìlà Sammis–Star 345 kV ní Ohio: iná pọ̀, fọ́ltéèjì lọ sílẹ̀, ríléè sì kà á sí fọ́ọ̀tì. Nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ọjọ́ náà kàn.

Ní Nàìjíríà, Grid Code fẹ́ kí ìgbì iná wà láàárín 49.75 àti 50.25 Hz, ní àkókò ìnira, kó má kúrò láàárín 48.75 àti 51.25. Ríléè nọ́ńbà 81 ló ń já àwọn fídà kan sílẹ̀ nígbà tí ìgbì bá ń lọ sílẹ̀, kí gbogbo ìlà má bàa wó pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlú kan fi lè pàdánù iná nígbà tí kò sí ohun tó ṣe ìlà tirẹ̀.

Òfin Iná Mànàmáná 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti máa ṣàkóso ọjà iná tiwọn, ní 2024 sì ni NERC, àjọ àpapọ̀ tí ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ iná, pàṣẹ pé kí àbójútó ti Èkìtì bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ náà. Ìpinnu lórí bí ìlà ṣe ń ṣiṣẹ́ ti sún mọ́ Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ju ti ìgbà NEPA lọ. Fún ríléè, ohun tí èyí lè yí padà ni ìwé òdiwọ̀n: kí ó wà fún bírékà kọ̀ọ̀kan, kí gígùn ìlà, ẹrù rẹ̀ àti iná fọ́ọ̀tì ìdí ìlà tí wọ́n fi ṣírò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì tún un ṣírò nígbàkígbà tí wọ́n bá na ìlà síwájú, pààrọ̀ tiransífọ́mà ibùdó, tàbí fi ìlú tuntun kún un.